Ìgbà Wo Lẹ Rí Nǹkan Oṣù Yín Kẹ́yìn?

Agogo méjì òru ló sábà máa ń dé. Aládùúgbò mi kan ní Ugbowo nílùú Bìní, ọmọ Ẹdó tó dàgbà sí Àkúrẹ́, tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi tó fi yé mi. Ó ní ooru kan ni yóò gbéra láti àyà òun, yóò gba ọrùn, yóò gba ojú, àfi bíi pé èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó, tó wá gbé ojú lé e. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, òógùn ti mu aṣọ tó fi sùn gbingbin. Kó tó mọ̀, òtútù ti dé. Yóò dìde, yóò ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì kúrò, yóò tẹ́ ìró gbígbẹ dípò rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ má bàa jí, yóò wá lọ jókòó sí ẹnu fèrèsé. Iná ò sí, fáànù ò yí. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ń mọ́ bá a. Tó bá dé ìsọ̀ láàárọ̀, oníbàárà á ná aṣọ, wọ́n á fẹnu kò, kó tó wọn aṣọ náà tán, ó ti gbàgbé iye tí wọ́n jọ sọ.

Ọdún kan àtààbọ̀ ló fi tọ́jú ibà. Ilé ìwòsàn aládàáni kan gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. Ó lo oògùn, ó padà lọ, wọ́n tún kọ irú rẹ̀ fún un. Oníkẹ́míìsì kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn ní "internal heat" ni, bí gbogbo Bìní ṣe ń pè é, ó sì ta àgbo inú ìgò fún un. Níbi àdúrà, wọ́n ní láti ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a jà lóru. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi í pé, "Màmá, ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?" Ọmọ ọdún 47 ni nígbà náà.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ fi wo gbogbo ọ̀rọ̀ náà, torí ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀, àti pé bí a kò ṣe ń bèèrè rẹ̀ ló ń gba owó, oorun àti àlàáfíà lọ́wọ́ àwọn obìnrin wa.

Ohun tó ń ṣe aládùúgbò mi ni àwọn oníṣègùn ń pè ní perimenopause. Àwa Yorùbá ò ní orúkọ kan tí gbogbo wa jọ ń pè é. Àwọn ìyá wa a máa sọ pé nǹkan oṣù àwọn ti ń ṣe ségesège, pé ó ti ń fẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Èmi ó máa pè é ní àsìkò ìdágbére, torí bí àlejò tó ń dágbére ló ṣe ń ṣe: á dìde, á tún jókòó, á dé ẹnu ọ̀nà, á tún rántí ọ̀rọ̀ kan tó kù.

Iye ẹyin tí ọmọbìnrin bá gbé wáyé, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan sí méjì, ni yóò máa ná títí. Nígbà tó bá fi máa bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 300,000 sí 400,000. Bó bá ti ń lé ní ogójì ọdún, ẹyin tó kù ò pọ̀ mọ́, èyí tó kù pàápàá kì í gbọ́ràn sí ọpọlọ lẹ́nu bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọpọlọ á wá máa pariwo mọ́ ọn, ìyẹn ni pé á máa tú họ́mọ́ònù tó ń ta ẹyin jí jáde ní àtújù. Àpò ẹyin lè dáhùn kọjá ààlà lóṣù yìí, kó má dáhùn rárá lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni ẹ́sítírójìn, họ́mọ́ònù tó ń ṣe obìnrin lóbìnrin, kàn ń fà díẹ̀díẹ̀ bí omi kànga lẹ́ẹ̀rùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná mànàmáná àdúgbò wa ló rí: á dé, á ga jù, á já wálẹ̀, á lọ, á tún yọ lójijì. Lóṣù tí ẹyin kò bá jáde, họ́mọ́ònù kejì, projẹ́sítírọ́ọ̀nù, tó yẹ kó máa fa ìjánu ilé ọmọ kò ní tó, ẹ̀jẹ̀ tó bá wá dé lẹ́yìn rẹ̀ á ya bí omi.

Ségesège yìí ló ń da ibi tí ọpọlọ ti ń wọn ooru ara rú. Ibẹ̀ á di ẹlẹ́gẹ́. Ooru kékeré tí kò yẹ kó kà sí, á kà á sí iná ńlá, á ní kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣí, kí òógùn dà, kí ara lè tutù. Òtútù tó ń mú aládùúgbò mi lẹ́yìn òógùn nìyẹn. Oorun tí kò tó ló ń bí ìgbàgbé ojú ìsọ̀, ìbínú òjijì àti ẹkún tí èèyàn ò mọ ohun tó fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé họ́mọ́ònù fúnra rẹ̀ náà ń fọwọ́ kan ọpọlọ.

Ó sábà máa ń gba nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Ti ẹlòmíràn lè tó mẹ́jọ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí obìnrin bá ka oṣù méjìlá gbáko láìrí nǹkan oṣù, tí kì í ṣe oyún, tí kì í ṣe oògùn ló dá a dúró, la tó lè sọ pé ó ti lọ. Lọ́jọ́ tí ti ìkẹyìn bá dé, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí i pé òun nìyí. Ẹ̀yìn la ti ń mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń káàánú àwọn tó ń kó owó ọjà lọ san àyẹ̀wò họ́mọ́ònù. Láti 2015 ni ìlànà NICE tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Ìlú Ọba ti là á sílẹ̀ pé obìnrin tó ti lé ní ọdún 45, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń yí padà, tí ara rẹ̀ sì ń fi àmì hàn, kò nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan kí dókítà tó mọ ohun tó ń ṣe é. Họ́mọ́ònù tó ga lónìí lè wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwé àyẹ̀wò á kàn da èèyàn láàmú ni. Ọjọ́ orí àti ìtàn nǹkan oṣù ti tó. Ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dáwọ́ dúró ni àyẹ̀wò jẹ́ dandan fún, torí ìyẹn ti yá jù, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí máa dùn mí ni pé ìmọ̀ náà ò jìnnà sí wa. Ní 1990, Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde láti Ilé-Ifẹ̀ lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà tí nǹkan oṣù wọn ti lọ. Nǹkan bí ọdún 48 ni wọ́n rí pé ó ń lọ, nígbà tí ìwé àwọn òyìnbó ń pe tiwọn ní 51. Okonofua yìí kan náà ló wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Bìní, tó dá ibùdó WHARC sílẹ̀ ní 1995 fún ìlera àwọn obìnrin. Igue-Iheya ni wọ́n wà, lójú títì Bìní sí Èkó, ìwé ìwádìí tí wọ́n sì ń tẹ̀ jáde láti 1997, African Journal of Reproductive Health, ti di ohun tí gbogbo Áfíríkà ń kà. Ẹ jẹ́ ká ro iye yẹn dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ọdún 48 ló ń lọ, tí ìdágbére sì ń gba ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú rẹ̀, a jẹ́ pé obìnrin ọdún 43 tó ṣì ń fa ọmọ lọ́wọ́ lọ síléèwé jẹ́lé-ó-sinmi lè ti wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ bi í, á ní ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àgbà nìyẹn.

Ìwádìí kejì tí mi ò lè gbàgbé ni ti Ìbàdàn, tí Funmilola OlaOlorun àti Taiwo Lawoyin tẹ̀ jáde ní 2009. Àwọn obìnrin ìgboro tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 60, tí iye wọn lé ní 1,100, ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Kí ló ń dààmú wọn jù? Ooru òjijì tí gbogbo ìwé ń pariwo rẹ̀ kọ́ ló ṣáájú. Ríro oríkèé àti iṣan ló ṣáájú, ìpín 59 nínú 100. Àárẹ̀ ara àti ti ọkàn ló tẹ̀ lé e, ooru òjijì wá wà ní ìpín 39. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí gbogbo àwọn ìyá tí mo mọ̀ tó ń na ọwọ́ sí eékún lẹ́yìn ọjà pé eegun ń ro àwọn. A ti kọ́ láti máa wá ooru, ara àwọn obìnrin wa sì ń sọ pé eegun ni. Bí aládùúgbò mi bá ti sọ ti èjìká rẹ̀ tó ń ro ó pọ̀ mọ́ ti òógùn òru, bóyá ẹnì kan ì bá ti so wọ́n pọ̀. Àmọ́ ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ló gbé ti èjìká lọ, ó gba oògùn ara ríro, ó ń lò ó lójoojúmọ́. Oògùn ara ríro bíi diclofenac àti ibuprofen, tí èèyàn bá ń lò wọ́n pẹ́, a máa dá egbò sí inú, a máa ba kíndìnrín jẹ́, a sì máa ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹni tí wọ́n wá ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, ta ló bi í nípa oògùn èjìká?

Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, SWAN, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996 pẹ̀lú àwọn obìnrin 3,302, fi kún un pé ooru òjijì kì í kàn ṣe ti oṣù mélòó kan. Ní àárín gbogbo àwọn tó ní in lemọ́lemọ́, ọdún 7.4 ló ń lò. Ní ti àwọn obìnrin adúláwọ̀, ó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kó fara dà á, pé yóò lọ, ó yẹ kí wọ́n sọ iye ọdún tó máa fara dà á fún un.

Mo padà sórí ibà, torí ibẹ̀ ni owó ń ṣòfò sí jù. Ibà wà ní Bìní, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ẹ, kò sì sí ohun tó burú nínú kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó burú ni pé a kì í yẹ nǹkan mìíràn wò lẹ́yìn rẹ̀. Àyẹ̀wò Widal tí a fi ń pe gbogbo èèyàn ní onítáífọ́ọ̀dù kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gbára lé. Ẹni tí kò ní táífọ́ọ̀dù lónìí lè yọ lórí rẹ̀. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nílé: kí ó fi tẹmọ́mítà sí abíyá nígbà tí ooru náà bá dé. Ibà gidi máa ń gbé ìwọ̀n ooru ara lé 38. Ooru àsìkò ìdágbére máa ń jó èèyàn lójú, síbẹ̀ tẹmọ́mítà á dúró níbi tó máa ń wà. Bí òógùn òru bá wá bá ikọ́ tí kò lọ àti ara tó ń rù rìn, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni kí a lọ yẹ̀ wò kíákíá. Bí ọkàn bá ń lù kìkìkì, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ọrùn wú, bóyá gẹ̀gẹ̀ ni. Ìtọ̀ ṣúgà náà a máa fa àárẹ̀. Àsìkò ìdágbére kò dí àrùn mìíràn lọ́nà, kò sì yẹ ká máa di gbogbo nǹkan rù ú.

Lórí ẹ̀jẹ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kí nǹkan oṣù pẹ́ kó tó dé, kó yára dé, kó fo oṣù kan tàbí méjì, ìyẹn ò ṣàjèjì. Àmọ́ obìnrin tó ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí wákàtí, tí ẹ̀jẹ̀ dídì ń bọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ láàárín oṣù tàbí lẹ́yìn ìbálòpọ̀, kí ó lọ sílé ìwòsàn. Fáíbọ́rọ́ìdì wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀, ó sì lè fa ẹ̀jẹ̀ títí èèyàn á fi máa mí gule-gule lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tí oṣù méjìlá ti pé fún, tí ẹ̀jẹ̀ wá tún yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan, kò gbọdọ̀ dúpẹ́ pé ọjọ́ èwe òun ti padà. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ a máa fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá sì tètè rí i, ó ṣeé tọ́jú.

Àwọn ìgbàgbọ́ kan wà tó ń dá kún ìdààmú yìí. Ọ̀kan ni pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ ti ń kó jọ síbì kan nínú ara, òun ló ń gbóná, òun ló ń gun orí. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó ń kó jọ. Ilé ọmọ kò ṣe é ni, tó bá ti jẹ́ pé kò sí àṣẹ láti òkè. Òmíràn ni ti ìbálòpọ̀. Ní 1977, John Caldwell àti Pat Caldwell kọ̀wé lórí àṣà àwa Yorùbá, pé obìnrin tó bá ti di ìyá àgbà a máa yẹra fún ọkọ rẹ̀, torí ìtìjú ni kí ìyá àti ọmọ jọ máa bímọ. Àṣà yẹn ní ọgbọ́n tirẹ̀ láyé ìgbà náà. Lónìí, ẹ̀gbẹ́ méjì ló ti ń pa obìnrin lára. Ẹni tó ṣì fẹ́ ọkọ rẹ̀, tí ojú ara rẹ̀ ń gbẹ tó sì ń dùn ún, á gbà pé ó ti parí nìyẹn, kò ní mọ̀ pé ìpara wà. Ẹni tó sì rò pé òun ti kọjá oyún, oyún a máa yọ sí i lọ́dún 46. Níwọ̀n ìgbà tí ẹyin bá ṣì ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìfètòsọ́mọbíbí ò tíì tán: bí nǹkan oṣù bá lọ kí èèyàn tó pé àádọ́ta, kó fi ọdún méjì kún un, bó bá ti lé ní àádọ́ta, ọdún kan. Kí àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta náà rántí pé abẹ́rẹ́ yẹn lè dá nǹkan oṣù dúró, kí wọ́n má fi í ka oṣù méjìlá.

Kì í ṣe pé a kì í bọ̀wọ̀ fún ìyá tó ti dàgbà. Ọ̀nà láti Ugbowo sí àárín ìlú gba Uselu kọjá, níbi tí ààfin Iyọba, ìyá Ọba Bìní, wà láti ayé Idia tó bí Ọba Esigie ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Nílẹ̀ Yorùbá náà, obìnrin tó ti kúrò nínú nǹkan oṣù lè wọ ibi ìsìn tí àwọn ọ̀dọ́ kò gbọdọ̀ wọ̀, á sì sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọkùnrin tí wọ́n á gbọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá ní Uselu, ohun tí mo ń rò ni pé ẹni tó ti wọlé tán la ń bọ̀wọ̀ fún. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tó ń jókòó tó ń dìde, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ nǹkan kan.

Kò sì rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú oyún. Aboyún ní káàdì, ó ní ọjọ́ tó ń lọ, ó ní nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á kọrin lórí bẹ́ǹṣì kí dókítà tó dé. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, obìnrin kan náà á wọ ọgbà kan náà pẹ̀lú ara tó ń yí padà, kò ní sí káàdì, kò ní sí ọjọ́, kò ní sí orin. Bí mo bá ní àṣẹ, gbogbo ilé ìlera alábọ́ọ́dé ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó ni mo máa sọ fún pé obìnrin tó bá ti lé ní ogójì, ìbéèrè nǹkan oṣù ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi í kí wọ́n tó kọ oògùn ibà. Ìbéèrè náà ò gba owó, kò gba iná, kò gba ẹ̀rọ.

Nípa ìtọ́jú, ẹ̀rù kan wà nílẹ̀ tó yẹ ká tú palẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2002, wọ́n dá apá kan ìwádìí WHI lórí ìtọ́jú họ́mọ́ònù dúró ní Amẹ́ríkà. Àwọn obìnrin 16,608 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn tó ń lo ẹ́sítírójìn pẹ̀lú projẹ́sítínì, oògùn tó ń ṣe bíi projẹ́sítírọ́ọ̀nù, ń ní jẹjẹrẹ ọmú ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ìròyìn náà tàn ká ayé, dókítà ń bẹ̀rù, obìnrin ń ju oògùn nù. Ohun tí ìròyìn ò sọ tó ni pé ohun tó fi jù jẹ́ obìnrin mẹ́jọ nínú 10,000 lọ́dún, àti pé nǹkan bí ọdún 63 ni àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò wà. Ọ̀pọ̀ wọn ti kọjá àsìkò ìdágbére tipẹ́. Ohun tí àwọn oníṣègùn fẹnu kò sí báyìí ni pé fún ẹni tí kò tíì pé 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì lọ tó ọdún mẹ́wàá, tí ara rẹ̀ le, tí ìyà yìí sì ń jẹ ẹ́, àǹfààní ìtọ́jú họ́mọ́ònù sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà ní kẹ́míìsì bíi panadol. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró rí, tó ti ní rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára rẹ̀ láìtíì mọ ìdí, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà kò gbọdọ̀ lo ẹ́sítírójìn nìkan, torí á mú kí inú ilé ọmọ nípọn títí tó fi lè di jẹjẹrẹ. Fún ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù, lúùpù tó ní họ́mọ́ònù a máa dín in kù, a sì máa dènà oyún pẹ̀lú. Àwọn tí họ́mọ́ònù kò bá lára mu ní oògùn mìíràn tó ń dín ooru kù. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn obìnrin ní UBTH, ilé ìwòsàn tó ti wà ní Ugbowo láti 1973, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín, kẹ́ ẹ sọ gbogbo àmì ara yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má pín in fún kẹ́míìsì mẹ́ta.

Àgbo inú ìgò ńkọ́? Mi ò bá ewé jà. Ewé ló tọ́ mi dàgbà. Ìgò tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tí ọtí sì wà nínú rẹ̀, ni mo ń bá jà. Ọtí a máa ta ooru náà jí. Ata tó pọ̀ jù àti tíì gbígbóná náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn kan. Eegun a máa yára fúyẹ́ ní ọdún díẹ̀ tó yí ìdáwọ́dúró nǹkan oṣù ká, nítorí náà ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegun-teegun, wàrà, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ṣe pàtàkì ju ẹ̀bà ńlá lọ. Rírìn tó yá ní àárọ̀ kùtù àti gbígbé nǹkan tó wúwo díẹ̀ ń ṣe eegun, oorun àti ẹ̀jẹ̀ ríru lóore lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkọ aládùúgbò mi, tó ti rò pé ìyàwó òun ti kórìíra òun, wá bá mi lọ́jọ́ kan. "Ìyá Ìbejì," ó ní, "ẹ bá mi bi í, kí ni mo ṣe?" Mo ní kó lọ bi í fúnra rẹ̀, kó má bi í ní ohun tó ṣe, kó bi í ní ohun tó ń ṣe é. Lọ́sẹ̀ yẹn ló ra fáànù oníbátìrì kékeré kan wálé. Òun náà ló tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ dókítà tó bèèrè ìbéèrè náà nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín.

Dókítà yẹn ní kó máa kọ ọjọ́ sílẹ̀. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì ló ń lò. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, á fi bírò pupa yí i po. Òru tó bá gbóná, á fi bírò búlúù fa ìlà kékeré sí i. Mo ti máa ń yọjú wo kàlẹ́ńdà náà tí mo bá lọ kí i. Ìlà búlúù ti ń dín kù látìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Nígbà kan, oṣù mẹ́sàn-án kọjá láìsí àmì pupa kankan, àwa méjèèjì ti ń ka mẹ́ta tó kù. Mo tún dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá bírò pupa lórí ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀ léra.

"Ìyá Ìbejì, ó ti padà dé o," ó wí, ó ń gé ilá lọ. "Mo ti tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan."